Nàná ní Atakpamé, Nanã ní Rio: Ìjúbà Ẹgbẹ́ Ouro Negro fún Moacir Santos

Nínú gbogbo ọ̀nà tí àwọn olórin fi ń júbà àgbà tó ṣáájú wọn, kò sí èyí tó gba sùúrù tó èyí tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ àgbà náà tó ti sọnù kàn, tí wọ́n á tún un kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n á sì fi í lé ọwọ́ àwọn tó lè lù ú. Irú ìjúbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórin kan ṣe ní ìlú Rio de Janeiro, ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, ní ọdún 2001, nígbà tí onígìtá kan tó ń jẹ́ Mario Adnet àti Zé Nogueira, tí í ṣe afọnsáksófóònù, kó ẹgbẹ́ kan jọ, tí wọ́n sì gbé àwo orin méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ orúkọ Ouro Negro, èyí tó túmọ̀ sí wúrà dúdú, láti fi bu ọlá fún Moacir Santos, aṣẹ̀dá orin aláwọ̀ dúdú tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé orin bossa nova dé etí ayé níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tó jìnnà sí Atakpamé lójú ẹni tó bá ń fi kìlómítà wọn ọ̀nà, ṣùgbọ́n orin tí ayé fi mọ Moacir Santos jù lọ ń jẹ́ Nanã, orúkọ yìí gan-an sì ni orúkọ òrìṣà àgbà tí wọ́n ti ń bọ ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Atakpamé jẹ́ ìlú olókè ní ẹkùn Plateaux ní Tógò, ní nǹkan bí kìlómítà 160 sí àríwá Lomé, lójú títì ńlá tó gba àárín orílẹ̀-èdè náà lọ sókè, òun sì ni olú ìlú agbègbè Ogou. Djama, Gnagna àti Voudou ni àwọn àdúgbò tí orúkọ wọn lókìkí jù nínú ìtàn ìlú náà. Àwọn Ifẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Ana, wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó tẹ̀dó sí ìwọ̀ oòrùn jìnnà jù lọ, ìtàn àwọn baba wọn sì ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orísun. Wọ́n ti ń bá àwọn Ewe àti àwọn ẹ̀yà mìíràn gbé pọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, débi pé ẹni tó bá sọ èdè kan ṣoṣo kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ohun tí àlejò sábà máa ń gbọ́ nípa wọn ni Tchébé, ijó orí igi gíga, nínú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin á ti so igi méjì tó ga fíofío mọ́ ẹsẹ̀, tí á sì máa jó sí ọwọ́ ìlù láìṣubú.

Àwọn òpìtàn Yúróòpù tó bá ń sọ bí Atakpamé ṣe kọ́kọ́ bá òkèèrè sọ̀rọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Kamina, ibi tó wà nítòsí ìlú náà, níbi tí àwọn ará Jámánì ti kọ́ ilé iṣẹ́ wáyà alátẹ́gùn kan láàárín ọdún 1911 sí ọdún 1914, tó lè bá ìlú Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ láìsí okùn kankan láàárín wọn, kí àwọn tó kọ́ ọ tó fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914 kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Iṣẹ́ ńlá ni Kamina lóòótọ́, ahoro rẹ̀ sì ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Bí ó ti wù kó rí, ó yẹ kí òpìtàn tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ tún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún kí òpó wáyà tó nàró ní Kamina ni orúkọ Nàná ti la òkun kọjá lẹ́nu àwọn ènìyàn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè, ó sì ti dé Bahia ní Bràsíl.

Nàná Bùkúù, tí àwọn ibòmíràn ń pè ní Nàná Bùrúkú, jẹ́ òrìṣà tí kò ní ààlà orílẹ̀-èdè. Pierre Verger, ayàwòrán àti oníwádìí ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n fi orúkọ Fátúmbí jì nígbà tó kọ́ Ifá ní Kétu ní ọdún 1953, ka Atakpamé mọ́ àwọn ìlú tí ó ti rí ipa ìsìn Nàná, pẹ̀lú Dassa-Zoumé, Tchetti àti Banté ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ó sì fi hàn pé àwọn olùsìn ní apá ibẹ̀ ń wo ìwọ̀ oòrùn, sí ilẹ̀ àwọn Adélé ní ààlà Tógò àti Gánà, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ojúbọ àgbà wà. Láàárín àwọn Fọ̀n, Nàná Bùkúù ni ìyá tó bí Mawu àti Lisa, àwọn tó dá ayé. Láàárín àwọn Akan ní Gánà, nana ni wọ́n fi ń pe àgbà àti ọba. Ohun tó ṣe kókó níbí ni pé òrìṣà yìí ti dàgbà ju ìpín tí a pín ènìyàn sí Yorùbá, Fọ̀n, Ewe àti Akan lọ, àti pé Atakpamé wà ní àárín ọ̀nà tí àwọn tó ń sìn ín máa ń tọ̀.

Ogun ló gbé e kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, ogun àwọn ọba Dàhòmì dé Atakpamé, gẹ́gẹ́ bí ó ti dé àwọn ìlú Yorùbá mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn àti àwọn Màhì tó múlé gbè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá sì kó lẹ́rú ni wọ́n máa ń dà lọ sí Ouidah létí òkun. Bràsíl ni ilẹ̀ tó gba ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọdún 1850 ni òfin ibẹ̀ tó fi òpin sí kíkó ẹrú wọlé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọn kò sì dá àwọn ẹrú tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ títí di ọdún 1888. Candomblé ni ẹ̀sìn tí àwọn ẹrú wọ̀nyí àti àwọn ọmọ wọn gbé ró ní Bahia, tí wọ́n kó òrìṣà Yorùbá àti vodun àwọn Fọ̀n sábẹ́ òrùlé kan náà, tí wọ́n sì ń fi ìlù mẹ́ta àti agogo pè wọ́n. Nínú ẹ̀sìn yìí, Nanã ni ó dàgbà jù láàárín àwọn òrìṣà obìnrin: òun ló ni ẹrẹ̀ àti omi tó dúró jẹ́ẹ́, òun ni ìyá Ọbalúayé, ọ̀pá tí wọ́n fi iṣan mọ̀rìwò ọ̀pẹ dì, tí wọ́n ń pè ní ìbírí, ló sì máa ń gbé lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n síwájú. Irin kì í kan ẹran rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ó ti wà kí ayé tó mọ irin. Nígbà tí àwọn òyìnbó Potogí fi dandan lé ìsìn Kátólíìkì, wọ́n so Nanã mọ́ Ánà Mímọ́, ìyá Màríà, ẹni tí ìjọ Àgùdà ń ṣe ọdún rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1926 náà ni a bí Moacir Santos, ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ Pernambuco ní àríwá ìlà oòrùn Bràsíl. Kò sí ìdí láti sọ pé ọjọ́ ìbí ló yan orin fún un, àmọ́ ẹni tó bá mọ kàlẹ́ńdà Bahia kò lè ṣaláìkíyèsí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtọ́ ní ìlú Flores ló sì dàgbà sí. Ní Flores ló ti wọ inú ẹgbẹ́ afọnfèrè ìlú, irú ẹgbẹ́ tó máa ń fọn fèrè idẹ níbi ọdún ìjọ àti ìsìnkú, ibẹ̀ ló sì ti mọ oríṣiríṣi fèrè lò kí ó tó di géńdé. Ó sá kúrò nílé ní ìgbà ọ̀dọ́, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fọn sáksófóònù nínú ẹgbẹ́ ológun àti ti rédíò, títí ó fi dé Rio de Janeiro ní ọdún 1948. Rádio Nacional, tó jẹ́ ilé iṣẹ́ rédíò tó lókìkí jù lọ ní Bràsíl nígbà náà, gbà á sí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ kí ó tó di olùtò orin àti adarí níbẹ̀, ipò tí aláwọ̀ dúdú kì í sábà dé nínú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún lọ jókòó sẹ́sẹ̀ César Guerra-Peixe, aṣẹ̀dá orin ọmọ Bràsíl, àti Hans-Joachim Koellreutter, ará Jámánì tó sá wá sí Bràsíl, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá orin débi tó fi di igbákejì Koellreutter.

Bossa nova, tí orúkọ rẹ̀ máa ń wáyé nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àkókò yẹn, ni irú orin tó yọjú ní Rio ní ìparí àwọn ọdún 1950. Inú samba ló ti jáde, ìyẹn orin ìlù àti ijó àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ó rẹ ariwo ìlù náà sílẹ̀, ó sì kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ onílù sínú ìka onígìtá kan ṣoṣo, tí àtàǹpàkò ń ṣe iṣẹ́ ìyá ìlù, tí àwọn ìka yòókù ń dá a lóhùn, tí olórin sì ń kọrin jẹ́jẹ́ láìgbé ohùn sókè. Ní ọdún 1958 ni Elizeth Cardoso kọ àwọn orin Antonio Carlos Jobim àti Vinicius de Moraes sínú àwo kan tí João Gilberto, ọmọ Bahia, ti ta gìtá sí díẹ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ bossa nova. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1962, wọ́n gbé e lọ sí gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York, láti ìgbà náà ló sì ti di ti gbogbo ayé.

Moacir Santos kò sí lára àwọn tí ìwé ìròyìn ń ya fọ́tò wọn nígbà náà, àmọ́ ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Baden Powell, ọ̀gá onígìtá, jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nara Leão, Roberto Menescal, Sérgio Mendes àti Paulo Moura. Lára iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó máa ń fún Baden Powell ni kí ó fi àwọn ìtò ohùn àtijọ́, tí kì í ṣe ìtò ohùn tí etí Yúróòpù òde òní ti mọ́, dá orin kéékèèké, nínú iṣẹ́ yẹn sì ni díẹ̀ nínú àwọn orin tó wá lókìkí jù ní Bràsíl ti hù. Nígbà tí Vinicius de Moraes fi ọ̀rọ̀ sí wọn, wọ́n di àwo Os Afro-Sambas, tí ilé iṣẹ́ Forma gbé jáde ní ọdún 1966, tí Guerra-Peixe tò, tí Quarteto em Cy, ẹgbẹ́ akọrinbìnrin mẹ́rin tó pilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti Bahia, sì gbè. Ọ̀sanyìn, Ṣàngó, Yemọja àti Èṣù ni orúkọ àwọn orin inú rẹ̀ dá lé lórí. Ní ọdún 1990, Baden Powell àti Quarteto em Cy tún padà sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ láti tún àwọn orin náà kọ, ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú Vinicius.

Orin mìíràn tí Baden Powell àti Vinicius jọ ṣe, Samba da Bênção, yẹ kí ẹni tó mọ àṣà Yorùbá dúró lé lórí díẹ̀. Nínú rẹ̀, Vinicius dá orin dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn àgbà olórin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ ìre lọ́wọ́ àwọn tó ti kú àti àwọn tó wà láàyè, Moacir Santos sì wà nínú wọn. Oníjàálá tàbí onírárà kì í wọ agbo láìṣe bẹ́ẹ̀. Ekòló kì í sì í júbà ilẹ̀ kí ilẹ̀ má lanu. Ní ọdún 1966 kan náà, Pierre Barouh kọ orin yìí ní èdè Faransé nínú fíìmù Un homme et une femme tí Claude Lelouch ṣe, tó sì gba ẹ̀bùn àgbà ní Cannes, èyí tó mú kí ohùn ìjúbà náà dé gbogbo ibi tí fíìmù èdè Faransé ń dé.

Ní ọdún 1965, ọdún kan ṣáájú Os Afro-Sambas, ilé iṣẹ́ Forma yìí kan náà ti gbé àwo Moacir Santos fúnra rẹ̀ jáde, ìyẹn Coisas. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ó sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Coisa, ìyẹn nǹkan, ó fi nọ́ńbà sí wọn láti 1 dé 10 bí àwọn aṣẹ̀dá orin Yúróòpù ṣe máa ń fi nọ́ńbà sí iṣẹ́ wọn. Ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú orúkọ yẹn, àmọ́ iṣẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá. Àwọn fèrè ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé orin náà ró, wọ́n ń lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń rìn pọ̀, nígbà tí ìlù ń pín àkókò sí mẹ́ta àti sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí onílù ilẹ̀ wa ti máa ń ṣe láìrò ó. Bossa nova tó wà ní ìgboro nígbà náà fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ àti etí òkun. Coisas mú olùgbọ́ padà sí ibi tí ìlù ti wá.

Coisa nọ́ńbà 5 ni Nanã. Carlos Diegues lò ó nínú fíìmù rẹ̀, Ganga Zumba, tí ó dá lórí ìlú Palmares, níbi tí àwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn ti dá ìjọba tiwọn sílẹ̀ ní ọ̀rúndún 17. Nara Leão, tí wọ́n ń pè ní ìyá ìsàlẹ̀ bossa nova, kọ ọ́ sínú àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1964 láìlo ọ̀rọ̀ kankan, ohùn lásán ló fi gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mário Telles fi ọ̀rọ̀ Potogí sí i, ọ̀pọ̀ olórin sì ti kọ ọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n èyí tí kò lọ́rọ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún olùgbọ́ ní Atakpamé, nítorí kò ní ohun tí yóò fi í sí òde. Orúkọ òrìṣà ni àkọlé rẹ̀, ohùn ènìyàn àti fèrè ló sọ ìyókù. Ohùn orin náà kúrú, ó ń padà wá, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó bá padà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tẹríba kí àgbà. Ẹni tó bá sì ti wà níbi tí a ti ń kí òrìṣà obìnrin tó dàgbà yóò mọ irú ọ̀wọ̀ tó wà nínú lílọ jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kí ìfẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí mú ènìyàn sọ ju bí ó ti rí. Nanã Moacir Santos kì í ṣe orin ojúbọ, kò sì sí ẹ̀rí pé ọwọ́ ìlù kan pàtó láti Atakpamé ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ aṣẹ̀dá orin kan tó kàwé ni, ẹni tó gbọ́ ìlù àwọn ènìyàn rẹ̀ láti kékeré, tó tún mọ ìwé orin àwọn ará Yúróòpù, tó sì yàn láti fi ìmọ̀ méjèèjì sin orúkọ kan tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kò jẹ́ kó kú. Àǹfààní ńlá ni pé a lè sọ ọ́ báyìí láìfi àbùmọ́ kún un: orúkọ náà ló lọ láti ìhà ibí, orin náà ni wọ́n ṣe ní ọ̀hún. Àwọn tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan rere inú orin Bràsíl jẹ́ ìlù kan náà tí a ṣì ń lù nílé ń gba iṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣe é, ìyẹn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí ilé iṣẹ́ fíìmù ṣe sí Moacir Santos nígbà ayé rẹ̀.

Ní ọdún 1967, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì fi Pasadena, lẹ́bàá Los Angeles, ṣe ibùgbé títí ayé rẹ̀. Ó ń kọ́ni ní orin, ó sì ń bá àwọn aṣẹ̀dá orin fíìmù ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ ẹlòmíràn ló ń jáde lára iṣẹ́ tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ilé iṣẹ́ Blue Note gbé àwo mẹ́ta jáde fún un, ní ọdún 1972, 1974 àti 1975, wọ́n sì dára. Síbẹ̀, ní Bràsíl, ìran tó ń bọ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Coisas kúrò lórí àtẹ, ìwé àmì orin tí ó fi ọwọ́ kọ fún àwọn afọnfèrè sì sọnù. Nígbà tí ìwé bá ti sọnù, orin tí fèrè bí mélòó kan jọ ń gbé kò ṣeé lù mọ́, nítorí olórin kan lè há ohùn òkè sórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó há ohùn ìsàlẹ̀ gbogbo sórí.

Ibí ni iṣẹ́ Adnet àti Nogueira ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ kí a wò ó dáadáa. Wọ́n gbé àwo àtijọ́ kalẹ̀, wọ́n ń fi etí ṣa ohùn kọ̀ọ̀kan jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún fèrè tó ni ín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohùn òkè kì í ṣe wàhálà; àárín ni ìṣòro wà, níbi tí trombone àti sáksófóònù ohùn ìsàlẹ̀ ti ń fọn ohùn tó súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dà bí ẹyọ kan, tí ìlù sì tún bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ìgbohùnsílẹ̀ ọdún 1965. Olùgbọ́ á gbọ́ ìlà kan ṣoṣo náà títí tí yóò fi lè sọ pé fèrè méjì ni, èyí wà lókè, èyí wà nísàlẹ̀, àti pé ẹni tó tò ó mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n kanra ni. Bí wọ́n bá ti fi èyí tó rọrùn rọ́pò rẹ̀, orin náà ì bá ṣì dùn, àmọ́ kì bá tí jẹ́ ti Moacir Santos mọ́. Wọn kò fi í rọ́pò. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú ìyẹn jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìyìn èyíkéyìí tí wọ́n lè kọ sí ẹ̀yìn àwo, àǹfààní mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tí olóògbé kì í ní: Moacir Santos ṣì wà láàyè, ó bá wọn kópa nínú àwo náà, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe padà bọ̀ sípò.

Milton Nascimento, Gilberto Gil, Djavan, João Bosco àti Ed Motta wà lára àwọn olórin ńlá tó wá kọrin fún ẹgbẹ́ náà. Nei Lopes, olórin samba tó tún jẹ́ oníwádìí àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, fi ọ̀rọ̀ Potogí sí díẹ̀ nínú àwọn orin náà, ó sì pe ọ̀kan nínú wọn ní Oduduá. Báyìí ni orúkọ baba ńlá tí àwọn Ifẹ̀ Atakpamé ń tọpa ara wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe wà pẹ̀lú orúkọ Nàná nínú àwo ìjúbà kan náà. Gilberto Gil kò ṣàjèjì sí ìhà wa: ó wà ní Èkó ní ọdún 1977 fún àjọ̀dún FESTAC, àwo Refavela rẹ̀ sì jáde lọ́dún kan náà, Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, tún orin Refavela kọ sínú àwo rẹ̀, Black Ivory Soul, ní ọdún 2002.

Ìrìn àjò orin láàárín etí òkun méjèèjì kò tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ìdílé Olympio, tí Sylvanus Olympio, ààrẹ àkọ́kọ́ Tógò, ti jáde, wà lára àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl wá. Ní Ouidah àti Porto-Novo, àwọn ọmọ Àgùdà ṣì ń ṣe eré Bouriyan pẹ̀lú orin Potogí. Ní Èkó, ìlù onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní sámbà wọ inú jùjú àti orin ṣọ́ọ̀ṣì débi pé ọ̀pọ̀ tó ń lù ú kò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ti re òkun rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, nígbà tí Léopold Sédar Senghor, ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà, pe àjọ̀dún àgbáyé iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú ní Dakar, Bella Bellow, ọ̀dọ́mọbìnrin akọrin tó ṣojú Tógò, àti Elizeth Cardoso, tó ti kọ àwo ọdún 1958 yẹn, jọ wà lára àwọn tí wọ́n pè.

Bella Bellow kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1973, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí àwọn olórí ayé péjọ sí Paris láti ṣèrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí, Blewu, orin Bella Bellow, ni Angélique Kidjo yàn láti kọ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Áfíríkà. Ìjúbà tó wúni lórí ni, ó sì fi hàn pé Tógò ní ẹni tó yẹ kí a ṣe irú iṣẹ́ Ouro Negro fún. Ohun tó kù ni kí àwọn tó mọṣẹ́ jókòó ti àwọn àwo rẹ̀, kí wọ́n kọ ohùn gìtá, fèrè àti ìlù tó wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ orin ní Lomé tàbí ní Atakpamé lè gbé e kalẹ̀ lórí àga kí ó sì lù ú. Àwọn olórin Nàná ní agbègbè Ogou àti àwọn onílù Tchébé náà ń fẹ́ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá orin tàbí tó kọ́ni ní ìlù, dípò kí ìwé máa pe gbogbo rẹ̀ ní orin ìbílẹ̀ bí ẹni pé kò sí ènìyàn kan tó rò ó.

Ní ọdún 2005, wọ́n tẹ àwọn orin Moacir Santos jáde ní ìwé, pẹ̀lú àmì orin wọn, ẹgbẹ́ náà sì gbé àwo mìíràn jáde lọ́dún náà tí wọ́n pè ní Choros & Alegria, nínú èyí tí wọ́n kó àwọn orin ìgbà èwe rẹ̀ sí. Ó kú ní Pasadena ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ afọnfèrè tó bá fẹ́ Coisa nọ́ńbà 5 kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo àtijọ́ mọ́, ìwé ti wà nílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ afọnfèrè idẹ tó ń tẹ̀lé òkú lọ sí itẹ́ ní gúúsù Tógò, tí wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìlú Flores tó kọ́ Moacir Santos ní fèrè, sì ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun èlò tí orin náà ń fẹ́.